Àwa márùn-ún fẹ́ lọ wo Àjàṣẹ́, Ouidah àti Abomey: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Lágere

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, ìtòsí Lágere. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ìtàn ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún tí a jọ ṣe kékeré la ń dá àjọ ìrìn-àjò, kí a jọ jáde kúrò ní Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan kí orúnkún tó ní òun ò lọ mọ́. Owó náà ti ń tó nǹkan báyìí. Bó sì ṣe ń tó nǹkan ni ìjà dé.

Èyí tó ń ta abọ́ ní Ọjà Tuntun ní Dubai lòun ń lọ. Mo ní kí la fẹ́ wò níbẹ̀, ó ní ilé gíga. Èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jerúsálẹ́mù ni, kí wọ́n lè máa pe òun náà ní JP. Ọ̀kan tó wà ní Iléṣà ní ibi tí gbogbo wa bá ti fẹnu kò sí tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí a bá ti fẹnu kò síbì kan báyìí ló máa ń rí àléébù rẹ̀. Ìkarùn-ún wa kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń san owó tirẹ̀ lásìkò. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí a jókòó ṣírò owó bàálù pẹ̀lú físà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Dubai mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo ráyè sọ tèmi. Mo ní ẹ jẹ́ kí a wọ mọ́tò lọ sí Benin. Benin ti Kútọnù ni mo ń wí o, kì í ṣe Ìbìní ti Ẹdó. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn ọba Dàhòmì, Gezo, Glele àti Béhanzin, sójú pátákó, mi ò fojú mi rí ògiri ààfin wọn rí. Gezo kógun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n lé e padà. Glele ọmọ rẹ̀ tún wá ní 1864, wọ́n tún lé e padà. Mo ti sọ ìtàn yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Abomey tí wọ́n ti gbéra wá ńkọ́? Kétu tí a ń sọ pé ọmọ Odùduwà ló ń jọba níbẹ̀ ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni àlejò ń ti òkè òkun wá wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn lọ́dọ̀ wa, àwa ò sì dé ibodè rí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ọ̀nà wo ló máa rọ àwọn ìyá tí wọn ò lè jókòó sínú mọ́tò látàárọ̀ dalẹ́ lọ́rùn? Ìlú méje ni mo kọ sílẹ̀: Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu, Kútọnù, Ganvié, Ouidah, Abomey, kí a sì yọjú sí Lomé ti Togo. Ọ̀rẹ́ mi ará Iléṣà tún ní kí n fi Elmina ti Gánà kún un. Ṣé ọ̀sẹ̀ kan á gbà á? Ṣé ẹni tí kò gbọ́ Faransé á rí oúnjẹ rà jẹ?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa ti gbọ́ pé ilé ejò wà ní Ouidah, ó sì ní òun ò wọ ojúbọ ẹnikẹ́ni. Ó ní bí mọ́tò wa bá yà síbẹ̀, òun á bọ́ sílẹ̀, òun á máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní Ifẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó èèyàn lọ rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe irú èyí?

Òṣómàáló Kékeré

Màmá, ẹ kú làálàá o. Iléṣà ni mo wà, ẹ̀gbẹ́ Ẹrẹ́jà. Aṣọ ni mò ń tà. Bàbá bàbá mi náà aṣọ ló tà, òṣómàáló pọ́ńbélé tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ọjà Dantokpa ló ń gbé mi lọ sí Kútọnù, àmọ́ mo máa ń yà wo nǹkan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àkókò ni mò ń fi ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ fa Lomé àti Elmina yọ. Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Odi Elmina yẹn, 1482 làwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kúrò ní Kútọnù, ibodè méjì ló tún kù kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ó sì tún gba ibodè méjèèjì padà. Títì lẹ máa fi ọ̀sẹ̀ yẹn wò. Mo ti pàdé irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ouidah: wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún wọkọ̀. Tí ẹ bá bi wọ́n ní kí ni wọ́n rí, fóònù ni wọ́n máa nà sí yín. Ìlú mẹ́ta tó yín í wò: Àjàṣẹ́, Ouidah, Abomey. Ganvié, abúlé orí omi yẹn, ìdajì ọjọ́ ló ń gbà. Abomey-Calavi lẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba Ìbàdàn dé Èkó, kí ẹ gba Badagry jáde ní Sẹ̀mẹ̀. Ẹ sì lè ti Ìbàdàn bọ́ sí Abẹ́òkúta, kí ẹ gba Ìláròó jáde ní Ìdìrókò. Ìgòlò ló wà lódìkejì, Àjàṣẹ́ ò sì jìnnà síbẹ̀ mọ́. Sẹ̀mẹ̀ lèmi ń gbà nítorí ẹrù. Bó bá jẹ́ ìran lásán ni mo fẹ́ lọ wò, Ìdìrókò ni màá gbà, kí n má bàa lo ọjọ́ mi tán nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Èyí tó wù kí ẹ gbà nínú méjèèjì, wọ́n máa dá yín dúró, wọ́n á tún dá yín dúró. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ọmọ mi, á máa lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ò pé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn.

Ìwé náà kò pọ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 ló mú kó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ò gba físà kó tó wọ Benin, a sì lè wà níbẹ̀ tó 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n pé kò gba físà kò ní kí ẹ lọ lọ́wọ́ òfo. Páṣípọ́ọ̀tù ni, tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS. Ẹ yẹ ọjọ́ tó máa kú wò lónìí, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń gbéra. Lẹ́yìn náà ni káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì. Nọ́ọ̀sì yín á mọ ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ẹ má ra káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tó bá jẹ́ mọ́tò tiyín lẹ máa gbé, kí awakọ̀ gba ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní brown card. Ní ibodè, àwọn kan á sáré wá, wọ́n á ní Màmá ẹ má tò, ẹ mú ìwé yín wá ká bá yín lu òǹtẹ̀. Ẹ má mú un fún wọn. Ẹ tò. Kí ẹ sì rí òǹtẹ̀ níhà tiwa àti níhà tiwọn kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Ní ti owó, sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Wọ́n so ó mọ́ euro, 655.957 sẹ́fà sí euro kan, kì í sì í kúrò níbẹ̀. Náírà tiwa ló ń jó sókè jó sódò. Nítorí náà, ẹ má fi iye òní ṣírò ìrìn-àjò oṣù mẹ́fà sí i, ẹ fi nǹkan lé e. Ẹ ka sẹ́fà yín níwájú ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Ọmọ òṣómàáló ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì yín dùn mọ́ mi nínú. Ilé ejò náà wà lóòótọ́. Erè ni wọ́n, wọn kì í ṣe paramọ́lẹ̀. Ẹ sì wò ó, iwájú rẹ̀ gan-an, lódìkejì títì, ni ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá ìlú náà wà. Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó síbẹ̀, kó gbàdúrà fún àwọn tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ń fi túláàsì mú àlejò wọ ojúbọ.

Àmọ́ òun náà gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà ẹrú o. Láti gbàgede Chacha, níbi tí wọ́n ti ń ra èèyàn, títí dé etí òkun, ó tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Igi kan wà lójú ọ̀nà náà nínú ìtàn wọn, igi ìgbàgbé: ọkùnrin á yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kó lè gbàgbé ilé. Ìpẹ̀kun rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1995, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, òkun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil lónìí, ìlù kan wà tí wọ́n ń lù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ijexá, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà. Ta ló gbé e débẹ̀? Èkó ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa gbà lọ, Ouidah náà sì kó tirẹ̀. Èmi fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà tán nínú oòrùn, mi ò gbé ọ̀kadà. Ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa rọra tẹ̀ lé yín lẹ́yìn, ẹni tó bá rẹ̀ kó wọ̀ ọ́.

Ọmọ Ìlódè

Ẹ má bínú sí mi o. Ilé amọ̀ ọba ni ẹ fẹ́ ná owó àjọ lé lórí? Mùsíọ́mù wà ní Ẹ̀núwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Orí idẹ tí gbogbo ayé ń wárí fún, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti hú u. Mélòó nínú ẹ̀yin márààrún ló ti wọbẹ̀ rí? Àwa Yorùbá, ohun tó bá ti wà ní ẹ̀yìnkùlé wa kì í jọ wá lójú. Ẹ lọ sí Dubai yẹn, ó kéré tán amúlétutù wà níbẹ̀.

Ìyá Lágere

Ọmọ Ìlódè, o ṣeun. Èmi ni mo máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́mù Ẹ̀núwá, mo lè dijú mú ọ yí i ká. Kì í ṣe amọ̀ ni mo fẹ́ lọ wò.

Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n kan àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní London títí di òní olónìí. Ọmọ kan bi mí ní kíláàsì nígbà kan pé, "Mà, ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé?" Mo ní kó jókòó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé kó ohun 26 padà fún Benin, lára ohun tí ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds kó ní Abomey ní 1892. Ìtẹ́ Gezo wà níbẹ̀, ti Glele wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ààfin pàápàá wà níbẹ̀. Mo fẹ́ lọ sáàárín àwọn tí tiwọn padà dé, kí n bi wọ́n bó ṣe rí lára wọn. Bó o bá pe ìyẹn ní ìfowóṣòfò, owó mi ni.

Òṣómàáló, Ọlọ́run á bù sí ọjà rẹ. Mo ti fa Lomé yọ. Elmina ku ẹni tó máa sọ ọ́ fún ará Iléṣà.

Ará Àjàṣẹ́

Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Ẹdẹ ni bàbá mi ti wá. Ọ̀rọ̀ ohun 26 yẹn ni kí n kọ́kọ́ fèsì sí, kí ẹ má bàa rìnrìn asán. Kútọnù ni wọ́n ti pàtẹ wọn fún aráàlú ní 2022, nínú ilé ìjọba Ààrẹ, èrò sì rọ́ lọ síbẹ̀ bíi pé ọjọ́ Iléyá ni. Kì í ṣe Abomey. Wọ́n dáwọ́ lé mùsíọ́mù tuntun fún wọn ní Abomey, àtúnṣe sì ti ń lọ lára ààfin àtijọ́ àti lára odi Potogí ti Ouidah. Kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílùú bá yín béèrè èyí tó ṣí lọ́sẹ̀ yẹn. Màá bá yín béèrè bí ẹ bá sọ ọjọ́ fún mi.

Ẹ má tìtorí ìyẹn fi Abomey sílẹ̀ o. Láti 1985 ni UNESCO ti kọ orúkọ ààfin náà sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé. Ọba tó bá jẹ máa ń kọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ dé nǹkan bíi hẹ́kítà 47. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wó. Nígbà tí Faransé ń sún mọ́lé ní 1892, Béhanzin fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dáná sun ún kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wọ́n padà gbé òun alára lọ sí Martinique, Algeria ló sì kú sí ní 1906. Ti Gezo àti ti Glele lẹ máa rí wò dáadáa. Ẹ farabalẹ̀ wo àwòrán tí wọ́n fi amọ̀ ṣe sára ògiri: ẹfọ̀n ni àmì Gezo, kìnnìún ni ti Glele, àkurakúdà ni ti Béhanzin. Ẹ máa bá ogun tí wọ́n bá Yorùbá jà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ ó sì rí i pé àwọn èèyàn wa kọ́ ló borí nínú àwòrán náà. Afinimọ̀nà á máa fi ìyangàn ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ má bá a jà. Tó bá le jù, ẹ rán an létí pé wọ́n sanwó ìsìn fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Gezo tó kọ̀ ọ́.

Àjàṣẹ́ ni kí ẹ máa sùn, ẹ fi Kútọnù sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà. Nǹkan bí 30 kìlómítà ni wọ́n fi jìnnà síra, tiwa sì tutù. Ibùdó Songhaï tó jẹ́ oko àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ní yàrá àlejò, wọ́n sì ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń se ohun tí wọ́n gbìn. Ẹ lè lọ wo ààfin Ọba Toffa, Honmè ni wọ́n ń pè é, ó ti di mùsíọ́mù. Mùsíọ́mù kejì tí wọ́n fi orúkọ Alexandre Sènou Adandé pè ní àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó máa mú inú yín dùn. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà nítòsí ọjà, láàárín 1912 sí 1925 làwọn Àgùdà kọ́ ọ, àwọn tí bàbá wọn ti Brazil padà dé. Ìrísí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Bí nọ́ọ̀sì yín bá rí i lókèèrè, yóò ti máa wá ibi tó máa kúnlẹ̀ sí kí ẹ tó sọ fún un pé mọ́ṣáláṣí ni.

Ebi ò ní pa yín. Lọ́jà Àjàṣẹ́, bí ẹ bá sọ Yorùbá, Yorùbá ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ẹ̀kọ tiwa ni wọ́n ń pè ní akassa, wàràkàṣì tiwa ni wọ́n ń pè ní wagasi. Ẹ bèèrè fún amiwo, ìyẹn ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì àti omi adìẹ rò, wọ́n á gbé adìẹ díndín tì í. Abomey àti Ouidah ni Yorùbá yín ò ti ní tó lò. Ẹ wá afinimọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye owó rẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ẹ má wá ní àsìkò òjò, oṣù kẹrin sí ìkeje, tàbí oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Ẹ tún yẹra fún àwọn ọjọ́ tó yí 10 oṣù kìíní ká. Ọjọ́ Vodun, ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, ni, gbogbo Ouidah á kún dẹ́nu, ẹ ò ní rí yàrá. Nọ́ọ̀sì yín ò sì ní rí ibi sá sí.

Níbo ni èmi àti Òṣómàáló ò ti jọ rí i bákan náà? Kétu tó yọ dànù. Màmá, kì í ṣe ibi yíyọ. Àjàṣẹ́ sí Ṣàkété sí Pobè sí Kétu, Yorùbá lẹ máa máa gbọ́ lójú ọ̀nà látòkè délẹ̀. Ẹ ó rí Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè ìlú náà látijọ́. Dàhòmì wó Kétu ní 1886, wọ́n kó àwọn tó kù láàyè lọ sí Abomey. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Abomey ni wọ́n tó padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Tí ẹ bá wo Abomey láì dé Kétu, ẹnu ẹni tó kógun jani nìkan lẹ ti gbọ́ ẹjọ́.

Òṣómàáló Kékeré

Ará Àjàṣẹ́, ìtàn rẹ dáa, àmọ́ èmi ti dé Kétu. Ẹnu ibodè yẹn, téèyàn bá ti wò ó tán, ó tán. Odidi ọjọ́ kan ni àlọ àti àbọ̀ máa jẹ nínú ọ̀sẹ̀ kan, fún àwọn ìyá tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé orúnkún ń dùn wọ́n. Láti Àjàṣẹ́ lọ, láti Àjàṣẹ́ bọ̀, lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tún wọkọ̀ lọ sí Abomey tó tó nǹkan bí 140 kìlómítà sí Kútọnù? Ta ló máa fi rọ́bù pa á fún wọn? Mo ní kí wọ́n fi Kétu sílẹ̀ fún ìrìn mìíràn.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọjà lẹ wá dé Kétu. Olùkọ́ ìtàn ló ń bọ̀ yìí, láti Ifẹ̀. Tó bá dúró nídìí Àkábà Ìdènà tó sọ pé Ifẹ̀ lòun ti wá, ṣé ẹ rò pé wọ́n á jẹ́ kó yára lọ ni? Wọ́n á fún un ní àga. Ẹ fa Ganvié yọ dípò rẹ̀. Omi àti ilé orí igi ni, ó rẹwà, àmọ́ ẹ lè rí Makoko ní Èkó.

Òṣómàáló Kékeré

Makoko kẹ̀! Àwọn ará Ganvié sá wọ inú omi kí Dàhòmì má bàa kó wọn tà ni. Ìtàn náà nìyẹn. Ó dáa, mi ò jiyàn mọ́, kí Màmá mú èyí tó wù wọ́n.

Alábọ́ Ọjà Tuntun

Èmi ni ìyá alábọ́ tí wọ́n ń sọ pé mo fẹ́ lọ wo ilé gíga. Ọmọ mi ló fi èyí hàn mí lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi, o ò sọ pé o ti gbé ọ̀rọ̀ wa wá síta.

Kí ẹ lè mọ̀, mo ti gbà láti lọ Benin. Ohun mẹ́ta péré ni mo béèrè. Àkọ́kọ́, mo gbọ́dọ̀ dé Dantokpa, odidi àárọ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí mi lẹ́yìn kó máa wo aago. Èkejì, mo gbọ́ pé ère obìnrin jagunjagun kan wà ní Kútọnù tó ga ní 30 mítà, ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i. Ẹ ṣáà sọ pé ohun gíga ni mo fẹ́ràn, èmi náà fẹ́ ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, èmi ni kí n mú àpò owó dání. Ìyá Lágere mọ ìtàn, kò mọ owó kà. Nígbà tó lọ ra ẹja fún ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ohun tí wọ́n pè fún un ló san.

Ìyá Lágere

Gbogbo ayé ti wá mọ̀ báyìí pé mi ò mọ ẹja ná. Ó dáa, gba àpò owó.

Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Oṣù kejì ni a mú, òjò ò ní sí, ọjọ́ Vodun á sì ti kọjá. Ìdìrókò la máa gbà, Àjàṣẹ́ la máa sùn. Kétu wọlé, Ganvié jáde. Òṣómàáló, má bínú, bí wọ́n bá fún mi ní àga, màá jókòó. A óò lọ sí Ouidah ní ọjọ́ kan, a óò sun Abomey mọ́jú kí ìrìn má bàa di eré sísá, a óò sì fún alábọ́ ní àárọ̀ Dantokpa rẹ̀ nígbà tí a bá ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun á rin ọ̀nà ẹrú dé etí òkun, òun á sì dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àwa bá wọ ilé ejò. Ó ti ń wá ibi tí a ti máa gún abẹ́rẹ́.

Ará Iléṣà ò fọwọ́ sí oṣù kejì, ó ní ìnáwó wà ní ìdílé ọkọ òun. A ní kó lọ bá wọn yí ọjọ́ padà. Páṣípọ́ọ̀tù ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ti kú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé à ń gbé e lọ sí Òṣogbo. Ará Àjàṣẹ́, jọ̀ọ́ bá mi béèrè iye tí Songhaï ń gba yàrá ẹni méjì-méjì, kí o sì béèrè bóyá yàrá náà wà nísàlẹ̀, ká má bàa máa gun àtẹ̀gùn.